CD Kún Ilé, Ọkọ̀ Ò Ní Ojú CD: Ìbéèrè Àti Ìdáhùn

Láti ìgbà tí mo ti da àwọn CD bàbá mi sórí fláàṣì ni tẹbí tọ̀rẹ́ ti ń bi mí ní ìbéèrè kan náà. Mo kọ wọ́n sílẹ̀ síbí kí ẹnu mi lè sinmi.

Ọkọ̀ tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ rà kò ní ibi tí wọ́n ń ki CD sí. Ṣé ó pamọ́ ni, àbí kò sí?

Ẹ kọ́kọ́ wá a dáadáa. Nínú àwọn ọkọ̀ kan, pàápàá àwọn ti Jámánì, inú píjìnhóòlù tó wà níwájú ẹni tó jókòó ti dírẹ́bà ni wọ́n fi í sí. Nínú àwọn mìíràn, ẹ̀yìn ojú gíláàsì rédíò ló wà: ẹ tẹ bọ́tìnì tó ń mú ojú náà dà sílẹ̀, ẹ ó rí ihò tẹ́ẹ́rẹ́ lẹ́yìn rẹ̀.

Tí kò bá sí níbẹ̀, kò sí náà nìyẹn. Ọdún 1984 ni rédíò ọkọ̀ tó ń lo CD kọ́kọ́ dé ọjà. Láàárín ọdún 2010 sí 2020 ni ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ ọkọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í yọ ọ́ kúrò díẹ̀díẹ̀, tí wọ́n fi ojú USB àti Bluetooth rọ́pò rẹ̀.

Ọ̀nà wo lẹ fọwọ́ sí?

Fláàṣì. Ọ̀nà mìíràn wà, mo máa sọ wọ́n nísàlẹ̀, ṣùgbọ́n n kò ní díbọ́n bí ẹni pé ọgbọọgba ni gbogbo wọn. Fláàṣì tí kò ju èékánná àtàǹpàkò lọ lè gba gbogbo páálí CD tó wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì yín. Kì í fo nígbà tí táyà bá já sí kòtò, kì í jẹ dátà, ẹ̀ẹ̀kan péré lẹ ó sì ṣe wàhálà rẹ̀.

Kí ni mo nílò láti da CD sórí fláàṣì?

Kọ̀ǹpútà, ojú CD àti fláàṣì. Àwọn láptọ́ọ̀pù ìsinsìnyí náà ti pa ojú CD tì, nítorí náà ó ṣeé ṣe kí ẹ ra èyí tó dá dúró, tó ń fi wáyà USB wọ kọ̀ǹpútà. Wọ́n ń tà á ní Computer Village n'Ìkẹjà, tuntun àti tòkunbọ̀. Èyí tó ń ka DVD yóò ka CD náà.

Tí wáyà rẹ̀ bá ní orí USB méjì, ẹ ki méjèèjì bọ kọ̀ǹpútà. Iná orí kan lè má tó o, á kàn máa pariwo tíkí-tíkí láìka ohunkóhun, ẹ ó sì máa rò pé CD ló bàjẹ́.

Mo kọ́pì ohun tó wà nínú CD tààrà sórí fláàṣì, ọkọ̀ ò kọrin. Kí ló dé?

Ẹ wo orúkọ ohun tí ẹ kọ́pì. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ "Track01.cda", "Track02.cda" àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ wá wo bó ṣe tóbi tó: báìtì 44 péré ni ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn. Orin ìṣẹ́jú márùn-ún kò lè wọ inú báìtì 44 láé. Àtọ́ka ni Windows fi hàn yín. Ẹ ti kọ́pì nọ́ńbà ara ilẹ̀kùn, ẹ fi ilé sílẹ̀.

Orin inú CD kì í ṣe fáìlì. Ìlà kan ṣoṣo ló bẹ̀rẹ̀ láti àárín àwo, tó ń yí po títí dé etí rẹ̀. Sọ́fítíwíà ló gbọ́dọ̀ ka ìlà yẹn kó sì sọ ọ́ di fáìlì. CD kan ṣoṣo tí èyí kò kàn ni èyí tí wọ́n kọ "MP3" sí lára, irú tí wọ́n máa ń to orin ọgọ́rùn-ún sí. Fáìlì gidi ló wà nínú ìyẹn, ẹ kọ́pì rẹ̀ kí ẹ máa lọ.

Sọ́fítíwíà wo ló dára?

Lórí Windows, fre:ac àti Exact Audio Copy, ọ̀fẹ́ ni méjèèjì. Fre:ac yá. Exact Audio Copy máa ń ka ibi tó bá fura sí ní àkàtúnkà, ó sì lè lo wákàtí kan lórí àwo tó họ, ṣùgbọ́n ohun tó bá fún yín máa mọ́. Windows Media Player náà lè ṣe é, àmọ́ ẹ wọ inú ètò rẹ̀ kí ẹ yan MP3 kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀, torí WMA, irú fáìlì orin ti Microsoft, ló sábà máa ń lò tí ẹ kò bá sọ fún un, kì í sì í ṣe gbogbo rédíò ọkọ̀ ló mọ WMA.

Lórí Mac, ápù Music tó ti wà nínú rẹ̀ tó.

MP3 ni kí n lò àbí FLAC?

Ìṣẹ́jú kan orin lórí CD ń gba nǹkan bíi MB 10. FLAC ń dín in kù sí bí ìdajì tàbí kó lé díẹ̀, láìyọ ohunkóhun nínú rẹ̀. MP3 ń yọ ohun tó gbà pé etí kò ní mọ̀: ní 320 kbps (ìwọ̀n dátà ohùn tó ń kọjá ní ìṣẹ́jú àáyá kan), MB 2.4 ni ìṣẹ́jú kan. Ní 192, nǹkan bíi MB 1.4 ni. Lórí fláàṣì GB 32, tí CD kọ̀ọ̀kan bá jẹ́ wákàtí kan, ẹ ó rí ààyè fún CD tó lé ní 300 ní MP3 192, àti bí 80 sí 100 ní FLAC.

Nínú ọkọ̀ tí ẹ́ńjìnnì ń kùn, tí táyà ń pariwo, tí dáńfó ń fọn fèrè lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín, n kò tíì rí ẹni tó mọ ìyàtọ̀. Ohun tí èmi ń ṣe ni pé mo ń fi FLAC pamọ́ sórí háádì dísìkì nílé gẹ́gẹ́ bí ìyá, láti ara rẹ̀ ni mo sì ti ń bí MP3 fún ọkọ̀. Bí fláàṣì bá sọnù lọ́dọ̀ àwọn tó ń fọ ọkọ̀, n kò tún ní bẹ̀rẹ̀ sí í tú páálí CD.

Mi ò mọ kọ̀ǹpútà lò. Ṣé mo lè gbé CD mi fún àwọn tó ń kọ́pì orin?

Ẹ lè gbé e, ṣùgbọ́n ẹ jókòó tì í. Lọ́jọ́ kan mo gbé àwo fújì mẹ́rìnlá sílẹ̀ sí ṣọ́ọ̀bù kan, mo ní mo ń bọ̀. Nígbà tí mo padà dé, fláàṣì kún fọ́fọ́. Inú ọkọ̀ ni mo ti mọ̀ pé ọmọkùnrin náà kò ki CD kankan bọ ojú kọ̀ǹpútà. Ó kàn wá orin olórin náà lórí íntánẹ́ẹ̀tì ni. Méjì nínú àwọn àwo mi, òde ìsìnkú ni wọ́n ti gbà wọ́n sílẹ̀, orúkọ àwọn ẹbí wa wà nínú oríkì tí wọ́n kì. Ibo ló ti fẹ́ rí ìyẹn?

Nítorí náà, kí owó tó kúrò lọ́wọ́ yín, ẹ ní kó tan orin tí ẹ mọ̀ dunjú, kí ẹ gbọ́ ìparí rẹ̀.

Fláàṣì mi ń ṣiṣẹ́ nínú kọ̀ǹpútà, ọkọ̀ ò dá a mọ̀. Kí ni kí n ṣe?

Ohun mẹ́ta ni. Èkíní, ojú USB kan wà tó jẹ́ pé ìgbagbára fóònù nìkan ló wà fún. Èyí tó wà lẹ́yìn fún àwọn èrò sábà máa ń rí bẹ́ẹ̀. Ẹ wá èyí tí wọ́n ya àmì orin tàbí àmì USB sí lẹ́gbẹ̀ẹ́.

Èkejì, bí wọ́n ṣe fọ́ọ̀màtì rẹ̀. Rédíò ọkọ̀ tó pọ̀, FAT32 nìkan ló mọ̀. Fláàṣì tó ju GB 32 lọ sábà máa ń wá pẹ̀lú exFAT, tí ọkọ̀ kò ní kà. Ìdí nìyí tí mo fi máa ń sọ pé kí wọ́n ra GB 32, kí wọ́n fọ́ọ̀màtì rẹ̀ sí FAT32, kí ọ̀rọ̀ parí. Ẹ rántí pé fífọ́ọ̀màtì máa nu ohun tó wà lórí rẹ̀ tẹ́lẹ̀.

Ẹ̀kẹta, ayédèrú. Fláàṣì "TB 2" tí wọ́n ń tà ní owó àkàrà, ó lè má ju GB 8 lọ nínú. Á gba orin yín wọlé, á ní ó ti gbà á, àmọ́ tí ẹ bá tan án, òfìfo ni. H2testw ni sọ́fítíwíà ọ̀fẹ́ tí ẹ lè fi dán an wò.

Kí ló dé tí orin mi fi ń dàrú? Tí ìkíní bá tán, ìkẹwàá ló ń bọ́ sí.

Tí orúkọ fáìlì bá jẹ́ "1", "2", "10", ọkọ̀ máa ń to 10 ṣáájú 2. Ẹ kọ ọ́ ní "01", "02". Ọkọ̀ mìíràn kò tilẹ̀ wo orúkọ: bí ẹ ṣe kọ́pì wọn tẹ̀léra ló ń tẹ̀ lé. Fún irú ìyẹn, ẹ fọ́ọ̀màtì fláàṣì, kí ẹ da CD kọ̀ọ̀kan sínú fódà tirẹ̀, ọ̀kan lẹ́yìn òmíràn. Ẹ má sì kó gbogbo orin jọ sínú fódà kan ṣoṣo. Ìwé ọ̀pọ̀ ọkọ̀ Toyota sọ pé fáìlì 255 ni fódà kan lè gbà.

Ẹ̀yin tó ń lo Mac, tí ọkọ̀ bá ń fi orin ìṣẹ́jú òdo hàn yín, tí orúkọ rẹ̀ fi àmì "._" bẹ̀rẹ̀, Mac ló fi wọ́n síbẹ̀ láìsọ fún yín. Ẹ pa wọ́n rẹ́ lórí kọ̀ǹpútà Windows.

Orúkọ orin tí mo kọ pẹ̀lú àmì di àpótí kéékèèké lójú rédíò. Ṣé mo ṣì í kọ ni?

Ẹ kò ṣì í kọ. Lẹ́tà inú rédíò yẹn ni kò mọ ẹ, ọ àti ṣ. Àwọn tó ṣe é rántí àwọn ará Faransé, wọn ò rántí wa: "é" á jáde láìsí wàhálà, "ọ̀" á di àpótí. Ó dùn mí, ṣùgbọ́n kò sí ohun tí a lè ṣe láti ìta.

Mo ń kọ orúkọ pẹ̀lú gbogbo àmì rẹ̀ sórí FLAC tó wà nílé, mo sì ń bọ́ àmì kúrò lára MP3 tó ń lọ sínú ọkọ̀. Sọ́fítíwíà Mp3tag lè ṣe é fún ọgọ́rùn-ún fáìlì lẹ́ẹ̀kan. Ẹ má sì retí kí kọ̀ǹpútà fúnra rẹ̀ mọ orúkọ orin inú CD tí wọ́n tẹ̀ ní Àlàbà. Èyí tí mo rí tó mọ̀ kò pọ̀. Ọwọ́ lẹ ó fi tẹ̀ ẹ́.

Ṣé mi ò kàn lè so ojú CD ti kọ̀ǹpútà mọ́ USB ọkọ̀?

Rárá. Ọkọ̀ ń wá fáìlì lórí USB, a sì ti sọ pé kò sí fáìlì nínú CD orin. Àwọn ẹ̀rọ CD kan wà tí wọ́n dìídì ṣe fún ọkọ̀, tí wọ́n máa ń ṣe bí ẹni pé fláàṣì làwọn kí ọkọ̀ lè gbà wọ́n. Ẹ béèrè bóyá ó bá irú ọkọ̀ yín mu kí ẹ tó sanwó.

Ẹ̀rọ CD àfọwọ́gbé ńkọ́, pẹ̀lú wáyà AUX?

Ó ń ṣiṣẹ́, tí ọkọ̀ yín bá ní ihò AUX. Àwọn tuntun kan kò ní ìyẹn náà mọ́. Ẹ ra èyí tó ní ààbò ìfo, tó máa ń ka orin sílẹ̀ ṣáájú kí kòtò tó dé. Tí ẹ bá fi iná láítà ọkọ̀ gbé e, ẹ lè máa gbọ́ ohùn "wíìn" kan lábẹ́ orin, tó ń ga bí ẹ bá ṣe ń tẹ iná mọ́ ọkọ̀. Àjọlò wáyà iná àti wáyà ohùn ló ń fa ìyẹn. Ẹ lo bátìrì, ohùn náà á lọ, tàbí kí ẹ ra ground loop isolator, nǹkan kékeré kan tí wọ́n ń fi sáàárín wáyà AUX.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má pààrọ̀ àwo nígbà tí ọkọ̀ ń sáré.

Àwọn ẹ̀rọ kékeré tó ń gbé orin gba orí FM ńkọ́?

Ó dùn gbọ́ ní abúlé, ṣùgbọ́n ó ń bínú ní Èkó. Ẹ ní láti rí nọ́ńbà FM tí kò sí iléeṣẹ́ rédíò kankan lórí rẹ̀, Èkó sì ti kún: Bond FM wà lórí 92.9, Wazobia lórí 95.1, Radio Lagos lórí 107.5, àwọn mìíràn há sáàárín wọn. Ẹ gbìyànjú ìsàlẹ̀ pátápátá, bíi 87.7. Kí ẹ tó dé Ìbàdàn, ẹlòmíràn lè ti gba ibẹ̀, orin yín á sì bẹ̀rẹ̀ sí í bá ìpolówó àgbo jà.

Ṣé Bluetooth fóònù kò tó?

Ó tó. Ẹ kọ́pì MP3 yẹn sórí fóònù, kí ẹ fi ápù bíi VLC ṣí i. Tí ìpè bá wọlé, orin á dúró. Ohun tí mo fi fẹ́ràn fláàṣì jù nìyẹn.

Kí ni mo fẹ́ máa da ara mi láàmú sí, nígbà tí gbogbo orin ti wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì?

Gbogbo rẹ̀ kọ́. Jùjú àti fújì olókìkí wà níbẹ̀ púpọ̀. Ẹ wá èyí tí wọ́n gbà sílẹ̀ ní òde ìkómọ yín wò, tàbí wáàsí oṣù Ààwẹ̀ ní mọ́ṣáláṣí àdúgbò, tàbí ẹgbẹ́ akọrin ìjọ ìyá yín. Ọ̀kan ṣoṣo tó wà lọ́wọ́ yín lè jẹ́ èyí tó kù láyé. Àwọn yẹn ni kí ẹ kọ́kọ́ dà, kí ẹ tó fọwọ́ kan èyí tó gbajúmọ̀.

Àwo jùjú mi kò dúró láàárín orin kan sí èkejì, ṣùgbọ́n nínú ọkọ̀ ó ń já. Kí nìdí?

Láti ayé rẹ́kọ́ọ̀dù ni wọ́n ti ń kọrin kan wọ òmíràn, tí ojú kan àwo fi máa ń jẹ́ ìlù kan ṣoṣo títí á fi parí. Nígbà tí wọ́n gbé e sórí CD, àwọn kan gé e sí márùn-ún, mẹ́fà, láìjẹ́ kí ìlù dúró. MP3 sì máa ń fi òfìfo díẹ̀ sí ìbẹ̀rẹ̀ àti ìparí fáìlì; ìdí nìyẹn tí gángan fi ń gé lójijì kó tó tún bẹ̀rẹ̀.

Ẹ kà á sí fáìlì kan ṣoṣo. Nínú fre:ac, ibi tí wọ́n kọ "encode to a single file" ni kí ẹ fi àmì sí. Ẹ kò ní lè fo láti orin kan sí èkejì, ṣùgbọ́n ta ló ń fo jùjú?

Wáàsí àti ìwàásù mi gùn tó wákàtí kan. Tí mo bá pa ọkọ̀, á tún bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ẹnu kò nílò 192. Ẹ lo 64 kbps, ohùn ẹyọ kan (mono), kò ní gba ju ìdajì MB lọ fún ìṣẹ́jú kan. Lẹ́yìn náà ẹ fi sọ́fítíwíà Audacity gé e sí ìṣẹ́jú mẹ́wàá mẹ́wàá, kí ẹ sì fún wọn ní nọ́ńbà. Súnkẹrẹ-fàkẹrẹ kan lè gba mẹ́ta nínú wọn.

VCD ni tèmi, tó ní àwòrán. Ṣé mo lè yọ ohùn rẹ̀ nìkan?

Bẹ́ẹ̀ ni. Ẹ ṣí VCD náà lórí kọ̀ǹpútà, ẹ wọ fódà MPEGAV, ẹ ó rí fáìlì ńlá kan tàbí méjì bíi AVSEQ01.DAT. Ẹ fi VLC ṣí i, ẹ lọ sí "Convert / Save", kí ẹ yan MP3. 224 kbps ni ohùn VCD gan-an, kò sí èrè nínú sísọ ọ́ di 320. Tí kọ̀ǹpútà bá kọ̀ láti kọ́pì fáìlì náà, ẹ má kọ́pì rẹ̀; ẹ jẹ́ kí VLC kà á tààrà láti orí àwo.

CD mi ti họ, ó ń fo. Ṣé ó ti lọ nìyẹn?

Ẹ yí i padà. Tí abẹ́ rẹ̀ bá ń dán bíi fàdákà, ilé iṣẹ́ ló tẹ̀ ẹ́, ìyẹn lẹ́mìí. Tó bá ní àwọ̀ búlúù tàbí àwọ̀ ewé, kọ̀ǹpútà ni wọ́n fi kọ ọ́, aró ló mú orin dání nínú rẹ̀, oòrùn àti ooru sì ń pa aró yẹn. Èyí tó ti lo ọdún mẹ́wàá lórí dásíbọ́ọ̀dù, ẹ ṣe é lónìí.

Ibi tí ọ̀pọ̀ èèyàn ń ṣọ́ ni abẹ́. Ojú tí wọ́n kọ orúkọ sí ló ṣẹlẹgẹ́ jù, nítorí abẹ́ ọ̀dà yẹn gan-an ni ìpele fàdákà wà. Ẹ gbé àwo náà sókè kọjú sí gílóòbù: tí iná bá yọ wálé bí ojú abẹ́rẹ́, ohun tó wà níbẹ̀ ti lọ. Tí abẹ́ nìkan ló họ, ẹ fi omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ àti ọṣẹ ìfọwo díẹ̀ fọ̀ ọ́, kí ẹ fi aṣọ rírọ̀ nù ún láti àárín lọ sí etí, ẹ má nù ún yípo. Lẹ́yìn náà ẹ gbé e fún Exact Audio Copy.

Ṣé òfin fàyè gba kí n kọ́pì CD tí mo fi owó mi rà?

Ní Nàìjíríà, Òfin Copyright ti ọdún 2022 fàyè gba ìlò tó bójú mu fún ara ẹni. Ìlú Ọba ló ṣe nǹkan tó yani lẹ́nu: wọ́n fàyè gbà á lọ́jọ́ 1 oṣù Kẹwàá ọdún 2014, ilé ẹjọ́ gíga sì fagi lé e ní oṣù Keje ọdún 2015. Níbikíbi tí ẹ bá wà, kíkọ́pì láti tà yàtọ̀. Olè ni.

Rìwáyà mi ní òun lè yọ rédíò ọkọ̀ náà, kí òun fi tòkunbọ̀ tó ní CD rọ́pò rẹ̀. Ṣé kí n gbà?

Nínú ọkọ̀ ọdún 2005, ẹ gbà. Nínú ọkọ̀ tuntun, ohun tí à ń pè ní rédíò kì í ṣe rédíò nìkan mọ́. Ibẹ̀ ni kámẹ́rà ẹ̀yìn ń fi àwòrán hàn, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń ṣètò AC nínú àwọn mìíràn, bọ́tìnì orí sítíárì ń bá a sọ̀rọ̀, ó sì ń bá kọ̀ǹpútà ọkọ̀ sọ̀rọ̀. Ẹni tó bá gé wáyà rẹ̀ kò mọ ohun tó ń gé.

Mo mọ ọ̀gbẹ́ni kan tó gbà. CD ń kọrin dáadáa nínú ọkọ̀ rẹ̀ báyìí. Tó bá fẹ́ fi ẹ̀yìn rìn jáde ní géètì, orí ló ń yọ sí fèrèsé, ìyàwó rẹ̀ á sì dúró lẹ́yìn, á máa fọwọ́ lu bọ́nẹ́ẹ̀tì ẹ̀yìn: "Máa bọ̀, máa bọ̀, dúró!"